Ọkàn Mẹ́rin ní Gwagwaládà

Wọ́n ní kí n fi ìwé ìbéèrè lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́,
kí wọ́n sọ èyí tó yé wọn jù:
ṣọ́ọ̀kì ni, tàbí ike aláwòrán tí à ń tẹ́ sórí gíláàsì,
tàbí sílàídì inú kọ̀ǹpútà.
Àádóje akẹ́kọ̀ọ́ ó lé méjì,
ọdún kejì nínú ìmọ̀ ìṣègùn,
nínú gbọ̀ngàn tí fáànù méjì ń ṣiṣẹ́ nínú mẹ́jọ.
Ọkàn ni mo fẹ́ kọ́ wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta.

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, mo mú ṣọ́ọ̀kì.
Mo fa ìlà, mo dúró, mo nu apá kan,
mo tún un fà.
Ọkàn mi wọ́, ó dà bí ìbẹ́pẹ tí ènìyàn jókòó lé,
ṣùgbọ́n bí ọwọ́ mi ṣe ń lọ ni kálàmù wọn ń lọ:
èmi ò sáré, àwọn náà ò sáré.
Ọyẹ́ ń gba ojú fèrèsé tó fọ́ wọlé,
eruku ìta àti eruku ṣọ́ọ̀kì pàdé lórí irun mi.
Rahila Tanko tó jókòó níwájú sín lẹ́ẹ̀mẹ́ta,
ó ní, "Sà, ọkàn náà ti wọ̀ mí nímú."

Ọ̀sẹ̀ kejì, sílàídì.
Há! Ọkàn tó ń lù kì-kì, kì-kì lára ògiri,
búlúù ń wọlé, pupa ń jáde,
ilẹ̀kùn kéékèèké ń ṣí, wọ́n ń padé.
Gbogbo ojú là. Gbogbo kálàmù sùn.
Ìka kan ni mo fi ń tẹ bọ́tìnì:
ohun tó gbà mí lọ́dún mẹ́rin kí n tó mọ̀ ọ́n
ń kọjá lójú wọn bí ọkọ̀ Lọ́kọ́ja
tí kò ní èrò tí yóò já ní Gwagwaládà.
Ìkẹtàdínlógún la dé tí iná lọ.
Ọkàn kú mọ́ ògiri.
Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn, "Ẹ fún un lẹ́mìí!"
Jẹnẹrétọ̀ ò ní epo. Bàbá Bitrus mú jálá, ó jáde,
kò dé títí agogo fi lù.

Ọ̀sẹ̀ kẹta yẹ kó jẹ́ ti ike nìkan.
Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo yà lọ́dọ̀ Garba apẹran,
mo ra ọkàn màlúù kan, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú láílọ́ọ̀nù.
Ó bi mí bóyá ọbẹ̀ ni. Mo ní rárá, ìwé ni.
Ó rẹ́rìn-ín, ó yọ igba náírà kúrò nínú owó mi.
Kò sí nínú ìwé ìbéèrè, n kò lè kà á kún.
Shekwolo, ọmọ Gbagyi tí kì í lanu ní kíláàsì,
ki ìka bọ inú rẹ̀, ó kan okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó di ilẹ̀kùn mú,
ó ní, "Sà, ó ń fà mí."
Ìròyìn ò tó àfojúbà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀;
wọn ò sọ iye tí àfọwọ́bà fi ju àfojúbà lọ.
Lẹ́yìn náà ni mo tan ẹ̀rọ ike. Ó ń rùn bí irun tó ń jóná.

Èsì dé. Mọ́kànlélọ́gọ́ta yan pátákó,
mẹ́rìndínlọ́gọ́ta yan sílàídì,
mọ́kànlá ò yan nǹkan kan,
ọ̀kan nínú wọn ya màlúù sí i.
Ẹnìkan kọ ọ́ sábẹ́: "Pátákó dára,
ṣùgbọ́n kí Sà jọ̀ọ́ kọ ọ́ tóbi díẹ̀."
Mẹ́rin péré ló yan ike.

Ọ̀gá ẹ̀ka ní ká kó o dànù, òun àti ẹ̀rọ rẹ̀
tí gílóòbù rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́.
Mo ní ó dáa.
Àmọ́ Dókítà Fẹ̀hìntọlá ló fọwọ́ ya ọkàn orí ike yẹn
nígbà tí èmi gan-an wà lórí àga akẹ́kọ̀ọ́;
ọdún kẹsàn-án rèé tó ti lọ.
Ọwọ́ òsì ló fi ń kọ̀wé, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn
bí ẹni tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lójú.
Búlúù ti ṣí tán. Pupa ṣì wà.
Ó kọ ọ́ sí igun: Dúró níbí. Bi wọ́n léèrè.

Mo fi í sáàárín ìwé méjì nínú àpò mi.
Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, kíndìnrín ló kàn.
Ṣọ́ọ̀kì ku méjì.