Èédú Lára Ògiri

Ní Ìgbẹ́mọ̀, kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì,
èéfín ti yọ lẹ́yìnkùlé wa.
Ìyá mi ń se ìrẹsì nínú àgbá, tòun ti èèpo rẹ̀,
yóò sá a, yóò gún un, yóò fẹ́ ẹ,
ìyàngbò á bà lé e ní ìpéǹpéjú.
Bí àpò kan bá jáde, yóò mú èédú,
yóò fa ìlà kan sára ògiri ilé ìdáná.

Kò kàwé. Lọ́dún tí wọn ì bá fi í sí ilé ìwé,
owó ẹnì kan ló wà nílé.
Wọ́n fi Bámigbóyè sí i, òun ni ọkùnrin.
Bámigbóyè sá kúrò ní ìwé kẹta.
Owó náà kò padà wá béèrè ìyá mi.

Ṣùgbọ́n ògiri yẹn, ó mọ̀ ọ́n kà.
Ìlà yìí ni bàtà mi.
Èyí ni owó wáẹ́kì ẹ̀gbọ́n mi, Móyèọlá.
Mẹ́rin tó fara ti ara wọn, oògùn bàbá mi ní Adó.
Ìlà kékeré kan wà níbẹ̀, kò gùn tó àwọn yòókù,
ìdajì àpò ni:
òun ló fi ra ohun tí mò ń lò lóṣooṣù,
kí n má baà máa fi ọjọ́ mẹ́rin jókòó sílé
bí ẹni tó ṣẹ̀.
Mọ́kànlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé,
àkùrọ̀ ni,
orúkọ bàbá mi nìkan ni wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀.

Bàbá kú lóṣù Ọ̀wàrà.
Ogójì ọjọ́ kò tíì pé tí mọ̀lẹ́bí fi pé jọ.
Òjò lé wọn kúrò ní gbangba,
ilé ìdáná ló sún mọ́ wọn jù.
Bàbá Fámúyìwá, nínú aṣọ funfun báláú,
fẹ̀yìn ti ògiri, ó tún ọ̀fun ṣe:
"Ulẹ̀ kì í ṣe ti obìnrin.
Ulé ọkọ ni obìnrin ń lọ."
Mo wo ìyá mi.
Ilé ọkọ náà ló jókòó sí,
ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n rèé.
Ibo ló tún kù tí yóò lọ?

Wọ́n gbé àkùrọ̀ fún Ọ̀ṣúntúyì, àbúrò bàbá mi
tó ń gbé Ìkẹ́rẹ́,
tí kò mọ ọ̀nà ibẹ̀ àfi tí a bá mú un lọ.

Mo ní, "Bàbá, ta ló ra ilẹ̀ náà?"
Ó ní kí n lọ bu omi wá.
Mo bu omi.

Ìgbà tí mo fi padà, òjò ti dá.
Ó ti dìde, ó ti kẹ̀yìn sí wa.
Ìlà mọ́kànlá ló wà lẹ́yìn aṣọ funfun yẹn,
dúdú, ṣàkàṣàkà,
àti ìdajì kan nísàlẹ̀, lẹ́bàá ìbàdí.
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Ọmọ Móyèọlá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ òǹkà,
na ìka sí i:
"Ení, èjì, ẹ̀ta…"
Títí bàbá fi yí kọ̀rọ̀ lọ́nà ọjà,
ó ń kà á.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé aṣọ náà ránṣẹ́ sí wa:
kí ìyàwó ilé bá wọn fọ̀ ọ́.
Ìyá mi gbà á, ó dúpẹ́.
Ó gbọ̀n ọ́n.
Ó sá a sórí okùn iwájú ilé
tí gbogbo ẹni tó ń ròkè, tó ń rodò, ń gbà kọjá,
ó kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí títì,
kò fi omi kàn án.
Ó padà sídìí àgbá.

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé.
Òjò kò tíì rọ̀.