Ewé Kan Tó Kù

Ní erékùṣù Chiloé, òjò kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.
Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń rọ̀
sórí òrùlé onípákó, sórí àgùntàn, sínú ọkọ̀ ojú omi,
orúnkún Rosamel sì ti wú
bí ànàmọ́ òyìnbó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wú nílẹ̀.

Èmi ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni wọ́n rán.
Eduvina, ìyá ọkọ mi, jókòó ti iná,
ó ní: "Zunilda, lọ ẹ̀yìnkùlé.
Ewé gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó nírun lára, lẹ́bàá ọgbà.
Òun ni ìyá mi fi ń to egungun.
Já mẹ́wàá."

Mo lọ. Ilẹ̀ ti ń ṣú.
Méjì ló wà níbẹ̀,
wọ́n fara ti ara wọn bí ọmọ ìyá:
ọ̀kan ń to egungun,
ọ̀kan ń dá ọkàn dúró.
Ọdún mọ́kànlá ni ewé yìí ti pẹ́ lára ewé ọ̀hún,
kò dì í.
Ká ní oṣù Kejìlá ni,
èkejì ì bá ti gbé ìbọ̀ka aránṣọ rẹ̀ aláwọ̀ àlùkò kọ́,
ọmọdé pàápàá ì bá dá a mọ̀.
Oṣù Kẹsàn-án la wà. Ewé lásán ni.
Mo fọwọ́ pa á: irun.
Mo wò ó: ó fẹ̀.
Mo já mẹ́wàá.

Ife àkọ́kọ́, ó ní ó korò.
"Èwo loògùn tó ń dùn?" ni Eduvina wí, ó ro oyin sí i.
Ife kejì, orúnkún ò gbọ́.
Bí oògùn kò bá jẹ́, ewé kan ló kù;
a sì fi ewé kan kún un.
Ewé kan tó kù ọ̀hún,
èmi ni mo fọ̀ ọ́, èmi ni mo rún un.

Lóru, Rosamel pè mí.
"Ta ló fi ọ̀dà ìyeyè kun ògiri?"
Ó ní fìtílà dé adé.
Ó ní ojú mi rí bíi pupa ẹyin.
A rẹ́rìn-ín. Ẹ dárí jì wá, a rẹ́rìn-ín.
Ìgbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì.
Mo fi etí lé àyà rẹ̀:
gbì.
Mo kà: ení, èjì.
Gbì.
Mo kà títí mo fi gbàgbé ohun tí mò ń kà.

Nolberto ló fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì gbé wa la ìgbì lọ sí Castro.
Eduvina gbá ìkòkò tíì mọ́yà, kò jẹ́ kó dànù;
ọgbọ́n yẹn ló gbà á là, kì í ṣe tèmi.
Nọ́ọ̀sì yọ ewé kan jáde, ó tẹ́ ẹ sórí bébà funfun,
ó wo etí rẹ̀, ó wo iṣan ẹ̀yìn rẹ̀,
kò sọ̀rọ̀. Ó sáré.

Lọ́jọ́ kẹta, dókítà sọ fún mi
pé ara ewé yìí kan náà ni wọ́n ti rí hóró oògùn ọkàn,
èyí tí wọ́n ń wọ̀n ju bí a ṣe ń wọn wúrà lọ,
tí kò tó orí abẹ́rẹ́.
Ó ní èyí tí a tilẹ̀ ń wá gan-an,
ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà bí a bá mu ún.
"Ta ló wá wọn tiyín?"
Ọwọ́ mi ni mo wò.

Rosamel padà wálé. Orúnkún rẹ̀ ṣì wú.
Eduvina ní kí n hú gbogbo rẹ̀ dànù. Mi ò hú u.
Mo to òkúta yí i ká, mo fi ọ̀dà pupa kun òkúta.
Oṣù Kejìlá dé, ó tanná;
oyin ń wọ inú ìbọ̀ka kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń jáde láàyè.
Ó lẹ́wà. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Láàárọ̀ yìí mo gbé tíì fún bàbá ọkọ mi,
tíì ṣọ́ọ̀bù, inú páálí, tó lórúkọ lára.
Ó gbà á. Ó dúpẹ́.
Ó gbé e súnmọ́ imú,
ó ń wò mí láti orí etí ife,
ó ń dúró kí n mu tèmi ná.