Lóko Arówómọlẹ̀, Lọ́sàn-án Gangan

Òjò àkọ́rọ̀ tàn wá jẹ.
Ó rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a kọlẹ̀, a gbìn,
ó wá ká ẹsẹ̀ ńlẹ̀ bí ẹni tó lóun gbàgbé nǹkan sílé.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé.
Ilẹ̀ ń jó mi látẹ́lẹ̀ sálúbàtà,
àtàrí mi ń hó bí ìkòkò ẹ̀kọ.
Mo sá sábẹ́ igi kaṣú.

Èmi lẹ́sẹ̀, mo sá.
Àgbàdo ò lẹ́sẹ̀.

Ó ká ewé rẹ̀ róbótó,
bí ẹní tí wọ́n ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri,
kí oòrùn má baà ríbi nà.
Ó di ìrọ̀lẹ́. Tí atẹ́gùn bá fẹ́ láti apá Ìkòyí-Ilé,
á tún tẹ́ ẹ padà, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀wà ò bá oòrùn jà.
Ó kọ etí ewé sí i,
bí ìyàwó tuntun tó fẹ̀gbẹ́ kọjá
níwájú àwọn àgbà ilé ọkọ.
Ọkà bàbà ti kun ara rẹ̀ lẹ́fun;
mo fi àtàǹpàkò nu ún,
ó funfun lọ́wọ́ mi bíi fúláwà.

Àwọn kan wá láti yunifásítì lọ́jọ́sí,
wọ́n ki irin tín-ín-rín mọ́ abẹ́ ewé, wọ́n ń kọ nọ́ńbà.
Ọmọbìnrin kan nínú wọn, Mopélọ́lá, sọ fún mi pé
nínú ewé lọ́hùn-ún, níbi tí ojú ò tó,
ohun tó gbé ewé ró a máa fẹ́ yọ́ bí òrí nínú ooru,
ni àwọn kan tó ti ń sùn á bá dìde,
wọ́n á dì í mú, wọ́n á ní, “Má yọ́. Òru ń bọ̀.”
Mo ní ṣé wọ́n lórúkọ?
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní orúkọ wọn gùn.

Tòmátì ni kò rí ẹni dì í mú tó.
Òdòdó rẹ̀ ń bọ́, mo ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ ni mo fẹ́ sọ.
Ẹ̀gẹ́ a máa já ewé ara rẹ̀ dànù,
ti ìsàlẹ̀ ṣáájú, ti òkè tẹ̀ lé e,
títí á fi dúró níhòòhò bí ọ̀pá.
Ẹni tí kò mọ̀ á ní ó ti kú.
Kí onítọ̀hún bi ilẹ̀ léèrè.

Lọ́dún ọ̀dá yẹn, èmi ni ewé ìsàlẹ̀.
Ìyá mi, Àwẹ̀ró, ká aṣọ méjì sínú àpò sìmẹ́ńtì,
ó mú mi dé gáréèjì,
ó fà mí lé àbúrò bàbá mi lọ́wọ́, ó di Kòǹtàgórà.
Kò sunkún.
Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bínú sí i
pé kò sunkún.
Àbíkẹ́yìn wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fa etí gèlè rẹ̀.

Lónìí mo fi ẹnu ọkọ́ yẹ ìdí ẹ̀gẹ́ kan wò
tí kò léwé kan ṣoṣo lórí.
Ìdí rẹ̀ tutù. Ó nípọn tó apá mi.
Mo da iyẹ̀pẹ̀ bò ó padà,
mo kó koríko gbígbẹ lé e,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bo ẹsẹ̀ arúgbó lójú oorun.