Kóòtù Méjì

Ní Toledo, lọ́dún tí yìnyín kọ̀ tí kò tètè yọ́,
kóòtù méjì la mọ̀:
ọ̀kan là ń wọ̀,
èkejì ń wọ́ wa.

Èyí tí à ń wọ̀ wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù Odessa, ìyá ìyá wa,
mẹ́tàdínlógún, gbogbo wọn ń rùn bí káńfọ̀.
Ibẹ̀ la sọ di situdíò,
torí aṣọ òtútù a máa gbé ariwo títì mì,
ohùn ènìyàn nìkan ní í pọ̀ sílẹ̀.
Tavaris á dúró sáàárín wọn, òógùn á bò ó,
á ní n kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn.

Èyí tó ń wọ́ wa wà láàárín ìlú, lẹ́yìn òpó òkúta mẹ́fà.
Wọ́n ní ó jí Dọ́ọ̀jì dúdú kan.
Wọ́n ní ìbọn wà lábẹ́ àga.
Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin dọ́là ni bẹ́èlì;
ilé Odessa, tòun ti gbèsè orí rẹ̀, kò tó o.

Oṣù kẹta, fóònù dún láti ẹ̀wọ̀n.
"Ṣé o ti tan rẹ́kọ́dà?"
N kò tíì fèsì tó ti bẹ̀rẹ̀.
Ó ka àwọn lọ́yà tí ìjọba fún un, mẹ́ta,
kò sí ìkankan tó mọ orúkọ rẹ̀ ọ́ pè.
Ó ka ọjọ́ tí wọ́n sún ẹjọ́ sí,
ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ kọkànlá,
ọjọ́ tí adájọ́ lọ tún eyín ṣe.
Ibi tó ti fẹ́ẹ́ dé òru ọjọ́ náà gan-an
ni obìnrin inú ẹ̀rọ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀:
Ìṣẹ́jú kan ló kù fún yín.

N kò gé e kúrò.
Mo dá a padà lẹ́ẹ̀mẹrin, mo ki ìlù sábẹ́ rẹ̀.
Obìnrin tí kò lẹ́mìí di elégbè.

Hargrove, agbẹjọ́rò ìjọba, tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé.
Ó ń kà á láìsí ìlù,
bí ẹni ń lá iyọ̀ láìsí ọbẹ̀.
"O ní o gùn ún títí ilẹ̀ fi mọ́. Kí lo gùn?"
"Ìlù ni, sà."
Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Adájọ́ ò rẹ́rìn-ín.
Wọ́n wá tan orin fúnra rẹ̀.
Mo rí ìka akọ̀wé lórí ẹ̀rọ, ó ń tẹ̀ lé ìlù,
òun alára kò mọ̀.
Odessa, nínú kóòtù aláwọ̀ eérú rẹ̀,
tẹ̀ sí mi létí: "Kẹ́tùlù mi nìyẹn."
Lóòótọ́ ni. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó ń súfèé.

Ọdún mẹ́rin.

Owó orin náà dé lóṣù kẹfà:
dọ́là mọ́kànlélógójì àti ṣẹ́ńjì.
Mo fi ra ìṣẹ́jú.