Ẹ Jẹ́ Kó Dìde

Lọ́dún tí kajú so bí ẹni ń bínú
ni Mẹ́dupín ti Jọ́ọ̀sì dé sí Kábà,
ó gbé bọ́ọ̀lù tó gùn bí ìbẹ́pẹ sábíyá.
"Ọkún o" kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀
tó fi ń to àwọn ọmọ àdúgbò.
"Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń gbá rọ́gíbì.
Mẹ́jọ á forí korí pẹ̀lú mẹ́jọ,
wọn á máa ti ara wọn bí màlúù lẹ́nu géètì.
Bí bọ́ọ̀lù bá ré ìlà kọjá,
ẹ gbé ẹnìkan sókè kó já a bí ẹni já máńgòrò.
Ẹni tó bá ṣubú, ẹ dà bò ó,
ẹ jà á gbà lábẹ́ ikùn rẹ̀."

Ọjọ́ kẹta ni Ìpínmorọ̀tì ti Ìlọrin wọlé.
Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò kajú.
"Mẹ́tàlá ti tó! Kí lẹ fẹ́ fi méjì yòókù ṣe?
Ẹni tó bá ṣubú, ẹ fi í sílẹ̀.
Ẹ jẹ́ kó dìde,
kó fẹsẹ̀ yí bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, kí eré máa lọ.
Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n lè gbé yín ṣubú.
Tó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹfà, ó di ti ẹlòmíràn."

Wọ́n jà á dé orí àmì: márùn-ún ni ti ẹ̀gbọ́n, mẹ́rin ni ti àbúrò.
Wọ́n jà á dé ìlú òyìnbó,
níbi tí àwọn awakùsà ti ní
bí eré bá gba owó iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé lọ́wọ́ àwọn,
kí ẹnìkan san án,
tí àwọn ọmọ olówó fi kọ̀, tí ilé fi pín.
Bàbá wa, tó ń fọ́ òkúta lọ́nà Ọ̀bájánà,
ti fìlà sẹ́yìn.
"Àwọn awakùsà yẹn gbọ́n."

Èmi ni wọ́n fi ṣe rẹfirí.
Mo ka àwọn tó wá: mọ́kànlá,
àti ewúrẹ́ kan tí kò fẹ́ kúrò lójú ìlà.
Eruku pupa sọ. Olúmódèjì ṣubú,
mẹ́sàn-án gùn ún.
"Ẹ jà á gbà!" "Ẹ fi í sílẹ̀!"
Ohùn kékeré kan jáde lábẹ́ òkìtì ènìyàn:
"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ tètè pinnu,
ẹsẹ̀ ẹnìkan wà létí mi."

Kí n má parọ́, ti Mẹ́dupín ló dùn ún wò.
Òkìtì yẹn, tí o ò mọ ẹni tí yóò gbé bọ́ọ̀lù jáde,
ó ń ṣe mí bí ìgbà tí oníkajú ń dúró de iye owó.

Àmọ́ òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀ lọ́wọ́
nígbà tí wọ́n ní kí bàbá wa má wá síbi iṣẹ́ mọ́.
Ó jókòó sórí àpò, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.
Ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ìyá wa, aládùúgbò,
gbogbo wọn rọ́ lọ bá a pẹ̀lú ìbéèrè.
Mo nawọ́ sókè.
Ẹ fi í sílẹ̀ ná.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ení.