Ajá Tí Yóò Mọ Ìrìn Wa

Àwẹ̀ró, kí orúnkún rẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn,
a kò ronú ajá rí.
Ilé kún nígbà náà: ọmọ márùn-ún, ẹ̀gbọ́n mi tó ń hanrun,
àbúrò rẹ tó wá láti Ẹ̀jìnrìn fún ọ̀sẹ̀ kan
tó lo ọdún mẹ́fà.
Nísinsìnyí, bí ìkòkò bá ṣubú ní ilé ìdáná,
àwa méjèèjì la ó jọ pariwo, "Ta nìyẹn?"
Kò sì ní sí ẹnì kankan.

Ṣẹ́gilọlá pè láti Kánádà.
Ó ní ká ra Jámánì, ajá ọlọ́pàá, kó máa ṣọ́lé.
Mo ní, ọmọ mi, kí ni yóò máa ṣọ́?
Rédíò tó ń hó bí epo gbígbóná,
àwọ̀n tí eku ti fi ṣe oúnjẹ,
tàbí eyín bàbá rẹ nínú ife omi?
Bí Jámánì bá fi okùn fà mí lójijì,
inú ọ̀sà ni ẹ ó ti wá mi rí.

A lọ bá Ṣówùnmí tó ń sin ajá ní Ayétòrò.
Ó fa ọ̀kan jáde, irun rẹ̀ funfun bí òwú.
Ó ní ti òyìnbó ni, kì í jẹ ẹ̀bà.
O wò mí. Mo wò ọ́.
Ajá tí kì í jẹ ẹ̀bà, ní Ẹ̀pẹ́ níbí!
Ó tún gbé ọmọ ajá mẹ́ta wá nínú agbọ̀n,
ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ là,
ọwọ́ rẹ sì ti nà kí n tó sọ̀rọ̀.

Mo ń ṣírò nínú mi:
ajá lè lo ọdún mẹ́tàlá, ó lè lo mẹ́rìnlá.
Mo ti pé mẹ́rìndínlọ́gọ́rin.
Ta ni yóò máa bu oúnjẹ fún un lọ́dún kẹwàá?
N kò sọ ọ́ jáde.
O fa ọwọ́ rẹ sẹ́yìn bí ẹni tó gbọ́.

Ẹ̀yìn ọgbà ló wà, lábẹ́ ọkọ̀ tí kò ní táyà,
ajá kékeré kan tó pupa bí ilẹ̀ ọ̀nà oko,
etí rẹ̀ kan ya, ewú ti yọ lágbọ̀n rẹ̀.
"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀," Ṣówùnmí wí.
"Ọmọ ọdún méje ni. Tíṣà kan ló ni ín, tíṣà náà ti kú.
Ẹnikẹ́ni kì í ra irú ẹ̀."
Kò gbó. Kò jùrù.
Ó dìde, ó nà, ó gbóòórùn ọ̀pá mi,
ó wá rọra rìn bá ọ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ìkókó,
ó sì jókòó lé bàtà rẹ,
ìwọ tí o ti ń wá ibi tí wàá jókòó sí láti àárọ̀.
O ní, "Orúnkún ń dun òun náà."
Ṣówùnmí ní ká san ìdajì owó.
O tún ná an síbẹ̀, bí ẹni ń ra ọ̀bọ̀kún.

Mo fẹ́ sọ ọ́ ní Tanímọ̀la,
kí n lè máa fi bá Adéfùyẹ̀ wí,
ẹni tó fi ẹsẹ̀ bàtà méjì na ọgbà rẹ̀ wọ ilẹ̀ wa.
O kọ̀. O ní ajá kì í ṣe lẹ́tà.
Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe lórúkọ di òní.
"Ìwọ," là ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ.

Nírọ̀lẹ́, a máa ń rìn dé etí ọ̀sà.
Kì í fa okùn.
Ibi tí o bá ti dúró mí, ibẹ̀ ló ń dúró,
yóò máa wo àwọn apẹja tó ń wakọ̀ bọ̀
bí ẹni pé ọ̀kan nínú wọn jẹ ẹ́ lówó.

Lóru àná, ìkòkò tún ṣubú.
A kò pariwo.
Òun ló dìde lọ wò ó.
Ó padà wá, ó mí kanlẹ̀,
ó dùbúlẹ̀ sáàárín wa.