Orrin Ló Mọ Bí Wọ́n Ṣe Ń Tù Ú

Mo yí sítíárìn sósì, ọkọ̀ ṣì ń rò ó.
Bí àgbà tí wọ́n jí lójú oorun,
ó ní, "Ta nìyẹn?" kó tó yà.
Ọdún mẹ́sàn-án ló fi jù mí lọ,
mi ò lè jágbe mọ́ ọn.

Lọ́wọ́ opó kan ní Moose Jaw ni mo ti rà á.
Ó gba owó, kò kà á.
"Ọwọ́ ọ̀tún ló máa ń fà sí," ló wí.
"Orrin ló mọ bí wọ́n ṣe ń tù ú."

Lónìí mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀ lórí páálí,
òtútù ilẹ̀ ń gba ẹ̀yìn mi wọlé.
Gírísì ti dì bí ọ̀rá ọbẹ̀ àná.
Irin tó so táyà mọ́ táyà
ń mì bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà.
Wáyà ni Orrin fi dè é,
ìlọ́po mẹ́ta,
ó rọra lọ́ ọ bí ẹni ń di irun ọmọ.

Mo gé e. Mo fi irin tuntun sí i.
Wáyà náà wà lápò mi.

Nírọ̀lẹ́, láàárín oko àlìkámà,
títì tọ́ tààrà.
Ọkọ̀ ò fà sọ́tùn-ún mọ́.
Ọwọ́ mi ni kò tíì gbọ́,
ó ṣì ń fà á padà sósì.